ÀṢÍRÍ ARA KÌ Í ṢE ỌJÀ TÍTÀ: TA LÓ Ń ṢỌ́ ÌWÉ ÀÌSÀN WA?

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Gàmbàrí, ní Ìpàta, ní Òkè-Oyi àti ní gbogbo abúlé tó yí Ìlọrin ká, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti títì, kì í ṣe ti iná mànàmáná. Ọ̀rọ̀ ara wa ni: ohun tí dókítà rí lára wa, tó kọ sínú ìwé, tí ìwé náà sì ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìsí ẹni tó bi wá léèrè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Mo sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn kan nínú ìlú yìí láti gba oògùn. N ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Èrò kún orí bẹ́ǹṣì: aláboyún, arúgbó, ọmọ ọwọ́. Akọ̀wé tó jókòó sójú fèrèsé gbé káàdì ínṣọ́ránsì kan sókè, ó sì pariwo pé: “Ìyá onítọ̀ ṣúgà tó ń ta ata ní Gàmbàrí dà? Ẹ máa bọ̀ o! Ínṣọ́ránsì ò tíì fọwọ́ sí oògùn yín!” Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú. Ìyá náà dìde, ó fa ìborùn bojú, ó gba káàdì rẹ̀, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ fi dé ọjà. Àwọn aláìmọ̀kan ń sọ pé kí èèyàn má ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, pé àìsàn rẹ̀ lè ranni. Bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ṣúgà kì í ràn! Àwọn tí wọ́n jọ ń dá èsúsú ò fẹ́ kó ṣáájú kó owó mọ́. Wọ́n ní bó bá lọ kú ńkọ́? Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ pé kó padà lọ gba oògùn, èsì tó fọ̀ ni pé: “Àìsàn ò tíì pa mí, ìtìjú ló fẹ́ pa mí.” Kò sì padà lọ.

Ẹ̀yin ará, ta ló ṣẹ̀? Akọ̀wé yẹn ṣẹ̀, a ò sọ pé kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò ní dúró lórí akọ̀wé. Ẹni tó gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ láìkọ́ ọ, tí kò ya ibi ìkọ̀kọ̀ sọ́tọ̀, tí kò sì fi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ọ, òun gan-an la fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

LÁTI ẸNU KAN SÍ ẸNU MẸ́WÀÁ

Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tí ara bá ń ni lọ bá àáfà fún hàǹtú, tàbí kó lọ bá onígbàjámọ̀, tàbí àgbà tó mọ ewé mọ egbò. Ẹnu kan ló gbọ́ ọ. Ilé onítọ̀hún kò jìnnà. Bó bá tú àṣírí, a mọ agbo ilé rẹ̀, a mọ mọ́gàjí rẹ̀, a ó lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbé àìsàn lọ bá a mọ́. Ẹ̀rù yẹn ń bà á, ló ṣe ń pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ti káàdì ínṣọ́ránsì yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká tọ ipa rẹ̀. Bí ẹ bá dé ọsibítù, akọ̀wé káàdì ni yóò kọ́kọ́ rí orúkọ yín. Nọ́ọ̀sì á rí ìwé yín, dókítà á rí i, ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò á rí i, ẹni tó ń fúnni lóògùn á rí i. Àwọn wọ̀nyí la gbà, torí èèyàn ò lè wo àìsàn tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀ o. Nínú ètò ìjọba àpapọ̀, bí àìsàn bá ju agbára ọsibítù àkọ́kọ́ lọ, tí wọ́n fẹ́ gbé yín lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n ní láti gba nọ́ńbà àṣẹ lọ́wọ́ HMO. HMO ni ilé-iṣẹ́ tó ń bá ètò náà san owó fún ọsibítù. Kí HMO tó fún wọn ní nọ́ńbà, yóò bi wọ́n pé, kí ló ń ṣe é? Wọ́n á sọ orúkọ àìsàn yín lórí tẹlifóònù tàbí nínú kọ̀ǹpútà. Bí ìtọ́jú bá parí, ìwé owó á tún lọ, orúkọ yín àti orúkọ àìsàn yín á wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé owó á kà á, ọ̀gá tó ń yẹ ìwé wò á tún kà á.

Ẹ ka orí wọn, ó ti ń sún mọ́ mẹ́wàá. Ta nínú wọn ni ẹ mọ ilé rẹ̀? Ta nínú wọn ni ẹ lè fẹjọ́ rẹ̀ sun mọ́gàjí?

Lóòótọ́, ẹni tó ń san owó ní láti mọ ohun tó ń san owó lé lórí. A ò bá a jiyàn. Àmọ́ mímọ̀ ní ìwọ̀n. Ẹni tó ń san owó oògùn ò nílò àtimọ ohun tó ń lọ láàárín tọkọtaya. Ẹni tó ń pe orúkọ lójú fèrèsé ò sì nílò àtimọ àìsàn yín rárá. Orúkọ tàbí nọ́ńbà ti tó o.

DANDAN NI WỌ́N FI MÚ WA WỌLÉ

Ètò yìí kì í ṣe tuntun. Òfin tó dá NHIS sílẹ̀ jáde ní 1999, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, ó fi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣáájú. Kwara tiwa ò sì gbẹ́yìn. Ní 2007 ni ètò ínṣọ́ránsì fún àwọn àgbẹ̀ àti mẹ̀kúnnù bẹ̀rẹ̀ ní Ṣóńgà pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ilẹ̀ Netherlands, ó sì tún dé Afọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ìpínlẹ̀ wa dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ínṣọ́ránsì ìlera. Nígbà tó di May 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó sọ NHIS di NHIA. Ohun tó wà nínú òfin náà ni pé dandan ni kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ínṣọ́ránsì ìlera.

Dandan! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa.

Ẹgbẹ́ wa ò kórìíra ínṣọ́ránsì. Nǹkan gidi ni. Kò yẹ kí ọlọ́kadà ta ọ̀kadà rẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó rẹ̀. Kò yẹ kí àgbẹ̀ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí ibà ọmọ. Bí gbogbo wa bá jọ dá owó, tí ara tó le ń ran ara tó ń ṣòjòjò lọ́wọ́, èsúsú ìlera nìyẹn, àwa Yorùbá sì mọ èsúsú kí òyìnbó tó dé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi dandan mú àlejò wọlé, òun ni yóò ti ilẹ̀kùn, òun ni yóò ṣọ́ ẹrù àlejò. Ìjọba ò lè sọ pé “ẹ wọlé, dandan ni”, kó tún wá sọ pé “kí kálukú máa ṣọ́ àṣírí ara rẹ̀”. A ò sọ pé àjọ ti Kwara ti tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè wa ni pé, kí ni wọ́n ti ṣe tí kò fi ní tú? Ìjọba fẹ́ràn àti máa ka iye orí tó ti forúkọ sílẹ̀ sí wa létí. Kí wọ́n tún ka iye ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì.

ÒFIN Ò WỌ́N, OLÙṢỌ́ LÓ WỌ́N

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé kò sí òfin. Òfin wà. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 37, fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ sí ohun ìkọ̀kọ̀ rẹ̀.

Òfin Ìlera ti 2014, ní abala 26, wá là á kedere. Ó ní gbogbo ohun tó bá kan ìlera aláìsàn, ìtọ́jú rẹ̀ àti wíwà rẹ̀ ní ọsibítù, àṣírí ni. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta àfi bí aláìsàn fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, tàbí bí kóòtù tàbí òfin bá pàṣẹ rẹ̀, tàbí bí òbí tàbí alágbàtọ́ bá gbà fún ọmọdé tàbí fún ẹni tí kò lè gbà fúnra rẹ̀, tàbí bí pípa á mọ́ bá lè kó ewu ńlá bá ìlera aráàlú. Abala 29 ní ẹni tó ń darí ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ ṣe ètò tí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ ò fi ní dé ìdí ìwé aláìsàn. Ẹni tó bá rú u lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 2, tàbí kó san 250,000 náírà, tàbí kó jẹ méjèèjì.

Ní June 12, 2023, Ààrẹ Bola Tinubu tún fọwọ́ sí òfin mìíràn tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa aráàlú. Òfin yẹn ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn ohun tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Ó ní bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tó sì lè pa èèyàn lára, ilé-iṣẹ́ tó ni í gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ NDPC láàárín wákàtí 72. Bí ewu rẹ̀ bá pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó kàn lójú ẹsẹ̀, ní èdè tó mọ́ tó sì yéni. Fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 10 náírà, tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ rí i báyìí pé òfin kún àpótí. Ó wá ku ẹni tí yóò mú un jáde. Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ta ni wọ́n ti ka ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún rí, ní Yorùbá tàbí ní Haúsá tàbí ní Fúlàní, kó tó tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù? Èdè tó yéni ni òfin wí. Ṣé gẹ̀ẹ́sì ló ń yé Ìyá Aláta ni?

Ọ̀ràn kan sì wà ní Èkó tí a ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ní 1995, ilé ìwòsàn aládàáni kan lé obìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, torí àyẹ̀wò ní ó ní kòkòrò HIV. Wọn ò gba àṣẹ rẹ̀ kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún HIV. Obìnrin náà gbé wọn lọ sí kóòtù. Ìgbà wo ni ìdájọ́ dé? September 2012! Ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá a láre, ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 7 náírà fún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé e títí di ọjọ́ ìdájọ́, ọdún 17 ni. A yìn ín pé ó ní ọkàn bíi ti kìnnìún. Àmọ́ Ìyá Aláta wa ní Gàmbàrí, ṣé ó ní ọdún 17 tí yóò fi dúró? Ṣé ó ní owó lọ́yà?

BÍ ORÚKỌ BÁ DI ỌJÀ 100 NÁÍRÀ

Àwọn kan á ní a ń ro àròjù, pé inú kọ̀ǹpútà ni ìwé wà, kò sí ẹni tó lè débẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí. Ní June 2024, Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ké gbàjarè pé wọ́n ń ta nọ́ńbà NIN àti àkọsílẹ̀ mìíràn nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 100 náírà péré. NIMC, àjọ tó ń tọ́jú NIN, ní kò sí ẹni tó ya wọ àpótí òun. A gbọ́. Ṣùgbọ́n 100 náírà! Kò tó owó àkàrà ọmọ iléèwé. Bí orúkọ àti nọ́ńbà ẹni bá lè di ọjà 100 náírà, èló ni wọn ó ta àìsàn ẹni?

Kódà, ilẹ̀ tó lówó tó sì ní ẹ̀rọ ò bọ́ níbẹ̀. Ní October 2022, àwọn ọlọ́ṣà orí kọ̀ǹpútà ya wọ Medibank, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ìlera tó tóbi jù ní Australia. Àkọsílẹ̀ nípa nǹkan bí 9,700,000 èèyàn ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n béèrè owó, Medibank ní òun ò san. Ni wọ́n bá ń tú àṣírí àwọn aláìsàn síta: obìnrin tí oyún rẹ̀ bàjẹ́, ẹni tó ṣẹ́yún, ẹni tí wọ́n tọ́jú nítorí ọtí tàbí oògùn olóró. Àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ní June 2024, àjọ tó ń ṣọ́ àṣírí aráàlú ní Australia gbé Medibank lọ sí kóòtù, ó ní wọn ò ṣọ́ ẹrù oníẹrù bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ ní olùṣọ́ tó ń ké. Bí irú rẹ̀ bá dé bá wa, ta ni yóò wá sí Gàmbàrí wá sọ fún wa?

“EBI Ń PA WÁ, KÍ LA FẸ́ FI ÀṢÍRÍ ṢE?”

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn gidi. Wọ́n ní ẹni tí kò rí oògùn, àṣírí wo ló ń wá? Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò délẹ̀. Àṣírí wà lára oògùn.

Ẹ wo ikọ́ ife. Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń wò sàn. Bí ẹni tó ní i bá ń bẹ̀rù pé wọn ó pariwo òun, ilé ni yóò jókòó sí, tí yóò máa wúkọ́ títí yóò fi ran ìyàwó, ọmọ àti àlejò. Ẹ wo ọmọbìnrin tó ní wárápá. Bí wọ́n bá tú àṣírí rẹ̀ lójú fèrèsé, ó lè má rí ọkọ fẹ́ ní gbogbo agboolé tó yí wọn ká. Nítorí náà ìyá rẹ̀ yóò fi í pamọ́, kò ní gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ wo ọkùnrin tí orí ń dààmú. Ẹ wo àwọn tó ń lo oògùn HIV, tí wọ́n ń rìn lọ sí ìlú mìíràn láti gbà á kí ará àdúgbò má baà rí wọn. Gbogbo wọn ní káàdì lápò, ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n lò ó. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣọ́ àṣírí aláìsàn, ó ń ṣọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le pẹ̀lú.

OHUN TÍ A Ó ṢE, Ẹ FI MÚ WA

Ẹgbẹ́ wa ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lásán. Bí ẹ bá fi ìbò yín gbé wa wọlé, nǹkan márùn-ún nìyí tí ẹ lè fi dá wa lẹ́jọ́.

Èkíní, ní gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba tó ń gba káàdì ínṣọ́ránsì, a ó ya ibì kan sọ́tọ̀ tí aláìsàn ti lè sọ̀rọ̀ láìsí ẹni mìíràn létí. Nọ́ńbà ni wọn ó máa pè lójú fèrèsé. Ẹnikẹ́ni ò ní pe orúkọ àìsàn lójú èrò mọ́.

Èkejì, gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá ń fọwọ́ kan ìwé aláìsàn, láti orí akọ̀wé dé orí ọ̀gá, ni a ó kọ́ ní òfin yìí, yóò sì fọwọ́ sí i pé òun gbọ́. Kọ̀ǹpútà á máa kọ orúkọ ẹni tó bá ṣí ìwé yín àti ọjọ́ tó ṣí i.

Ẹ̀kẹta, ohun tó bá kan owó nìkan ni yóò máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń san owó.

Ẹ̀kẹrin, ìwé orúkọ àwọn tó wà nínú ètò ínṣọ́ránsì ò gbọ́dọ̀ di ìwé ìpolongo ìbò fún olóṣèlú kankan, títí kan ẹgbẹ́ tiwa pàápàá.

Ẹ̀karùn-ún, ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Kwara, a ó fi tábìlì kan síbi tí aráàlú ti lè fẹjọ́ sùn, ní Yorùbá, Haúsá, Fúlàní, Nupe àti Ìbàrìbá. Lọ́dọọdún, a ó kéde iye ẹjọ́ tó wọlé àti bí a ṣe parí wọn.

Bí a ò bá ṣe é, ẹ lé wa kúrò.

KÍ Ọ̀LA TÓ DÉ

Ẹ má dúró de ọjọ́ ìbò. Láti òní lọ, bí akọ̀wé bá bi yín ní ọ̀rọ̀ àìsàn lójú èrò, ẹ sọ fún un pé: “Ẹ jẹ́ ká sún sẹ́gbẹ̀ẹ́.” Ẹ má tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù tí wọn ò kà fún yín, ẹ mú ọmọ tó mọ̀wé dání. Ẹ bi wọ́n pé, ta ni yóò rí ìwé mi? Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n kọ nípa yín, kí wọ́n sì tún un ṣe bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tú àṣírí yín, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ mú ẹlẹ́rìí, ẹ fi ẹjọ́ sun ọ̀gá ilé ìwòsàn. Bí kò bá gbọ́, NDPC wà ní Àbújá. Ẹ kọ ìwé sí wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín sí: ẹ má torí ìtìjú sá fún oògùn. Ẹ má ju káàdì yín nù. Ẹ gbà á, ẹ lò ó, kí ẹ sì béèrè ẹ̀tọ́ tó bá a rìn.

Bí olóṣèlú bá wá sí Gàmbàrí wá tọrọ ìbò, ìbáà jẹ́ tiwọn tàbí tiwa, tó ní òun ó fún yín ní káàdì ìlera, ẹ kí i dáadáa, ẹ fún un ní omi. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi í pé: “Bí mo bá sọ ohun tó ń ṣe mí fún yín, ẹnu mélòó ni yóò gbọ́ ọ?” Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ìyá Aláta ṣì ń ta ata. Oògùn rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn. Ẹ jẹ́ ká dìbò fún ẹni tí yóò jẹ́ kó lè padà lọ gbà á láìbojú.